Ìbejì Tí Ojú Kò Lè Yà: Ìràwọ̀ Ìbejì, Ìpagbìpọ̀ Ìmọ́lẹ̀ àti Èdè-Ìperí Yorùbá

Àṣamọ̀

Àpilẹ̀kọ yìí ṣàlàyé ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ sánmà ń gbà ya ìràwọ̀ méjì tí ó sún mọ́ ara wọn débi pé ojú ènìyàn àti awò awọ̀nàjíjìn lásán ń rí wọn bí ẹyọ kan ṣoṣo. Ó tọ ipa ọ̀nà náà láti ọdún 1801 dé ọdún 2022, ó sì gbé àwọn ọ̀rọ̀-ìperí tí iṣẹ́ náà ń bèèrè lọ́wọ́ èdè Yorùbá yẹ̀ wò. Kókó tí ó tẹnu mọ́ ni pé ọ̀nà yìí kì í fi ojú rí èjì. Ó ń fi òye mọ èjì láti ara ohun tí ó hàn bí ọ̀kan. Nítorí náà, ọ̀rọ̀-ìperí tí ó bá fi ìfòyemọ̀ yìí pamọ́ yóò ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà. Ìlú Kumasi ní orílẹ̀-èdè Gánà, níbi tí Twi, Hausa, Yorùbá àti Ewe ti pàdé, ni ojúkò àlàyé náà.

1.0 Ìfáárà

Ìlú Kumasi kò jìnnà sí ìlà agbedeméjì ayé. Kò tó dígírì méje tí ó fi wà ní àríwá ìlà náà. Nítorí èyí, ẹni tí ó bá gbójú sókè níbẹ̀ ní òru tí ojú ọ̀run mọ́ yóò rí ìràwọ̀ ìhà àríwá, yóò sì rí ti ìhà gúúsù. Ní alẹ́ oṣù Ṣẹ́rẹ́ àti Èrèlé, ìràwọ̀ tí wọ́n ń pè ní Capella máa ń tàn yòò ní apá àríwá. Ní oṣù Ẹ̀bìbí, bí òjò bá dá, Spica máa ń gòkè títí yóò fi sún mọ́ àtàrí, Mizar yóò sì wà ní àríwá. Lójú ẹni tí ó ń wò wọ́n láti ọjà Kejetia tàbí láti ọgbà Yunifásítì Kwame Nkrumah, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni ìràwọ̀ wọ̀nyí. Àmọ́, kò sí èyí tí ó jẹ́ ẹyọ kan nínú wọn.

Àwọn èdè tí ń dún nínú ìlú náà kò ṣaláìní ọ̀rọ̀ fún ìràwọ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò ṣaláìní ọ̀rọ̀ fún ọmọ méjì tí a bí pọ̀. Twi ní nsoromma àti ntafoɔ. Hausa ní tauraro àti tagwaye. Ewe ní ɣletivi, tí ìtumọ̀ rẹ̀ gan-an jẹ́ ọmọ òṣùpá, ó sì ní venavi. Yorùbá ní ìràwọ̀ àti ìbejì. Àwọn ẹlẹ́dẹ̀ẹ́ Yorùbá ti pẹ́ nínú òwò ní ìlú náà. Àṣẹ tí ìjọba Busia pa ní ọjọ́ 18, oṣù Bélú, ọdún 1969, pé kí àwọn àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Gánà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tú ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn ká, ṣùgbọ́n kò pa èdè wọn rẹ́ níbẹ̀. Ohun èlò, nígbà náà, wà nílẹ̀ nínú èdè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ohun tí kò tíì sí ni ọ̀rọ̀ tí yóò so ìràwọ̀ pọ̀ mọ́ ìbejì lọ́nà tí yóò fi sọ bí ènìyàn ṣe mọ̀ pé ìbejì ni.

Iṣẹ́ tí ó ti wáyé nínú èdè-ìperí Yorùbá kò kéré. Ètò ìwádìí ẹlẹ́dún mẹ́fà tí Babs Fafunwa àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1970 fi hàn pé ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè fi Yorùbá kọ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ní ọdún 1984, ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ jáde fún ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀. Ìṣòro tí ó kù wà nínú àwọn ẹ̀kọ́ tí ohun tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀ kò ṣeé nàka sí. Ìràwọ̀ ìbejì jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú irú ohun bẹ́ẹ̀.

2.0 Alábàápàdé àti Ìbejì

Oríṣi èjì méjì ni ó wà lójú ọ̀run. Nínú oríṣi kìíní, ìràwọ̀ kan wà nítòsí, èkejì wà lẹ́yìn rẹ̀ lọ́nà jíjìn réré, ṣùgbọ́n nítorí pé àwọn méjèèjì bọ́ sí ojú ìlà kan náà, wọ́n dà bí ẹni pé wọ́n fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn. Kò sí ohun tí ó pa wọ́n pọ̀ ju ibi tí olùwòran dúró sí lọ. Nínú oríṣi kejì, ìràwọ̀ méjì ń fa ara wọn mọ́ra, wọ́n sì ń yí ara wọn po láìsinmi.

Ó pẹ́ kí àwọn onímọ̀ tó ya oríṣi méjèèjì sọ́tọ̀. Ní ọdún 1767, John Michell, àlùfáà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe ìṣirò pé ìràwọ̀ tí ó wà ní méjìméjì pọ̀ jù fún ohun tí kòńgẹ́ lásán lè bí. Ní ọdún 1803, William Herschel, tí ó ti ń ṣọ́ àwọn ìràwọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ohun tí ó lé ní ogún ọdún, fi hàn pé àwọn kan nínú wọn, bí irú Castor, ń yí ara wọn po lóòótọ́. Onímọ̀ èdè kò ní ṣàì rí ojúlùmọ̀ nínú àríyànjiyàn yìí. Bí ọ̀rọ̀ méjì láti inú èdè méjì bá jọra, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni bóyá kòńgẹ́ ni tàbí ìbátan. Ìjọra ẹyọ ọ̀rọ̀ kan kì í fi ìbátan múlẹ̀. Àfi kí ìjọra náà pọ̀ ju ohun tí kòńgẹ́ lè gbé, kí ó sì ní ìlànà.

Fún oríṣi kìíní, Yorùbá ní ọ̀rọ̀ tí ó bá a mu láìsí ìṣẹ̀dá tuntun: alábàápàdé. Fún oríṣi kejì, ìbejì ni ó yẹ, nítorí pé èyí tí ó pọ̀ jù nínú irú ìràwọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ó ti inú ìkùukùu kan náà jáde ní àkókò kan náà. Nínú iṣẹ́ yìí, ìràwọ̀ alábàápàdé àti ìràwọ̀ ìbejì ni yóò máa dúró fún wọn.

Ìbejì ṣe pàtàkì fún ìdí kan tí ó ju ẹwà lọ. Kò sí òṣùwọ̀n tí a lè gbé ìràwọ̀ kà. Ṣùgbọ́n bí ìràwọ̀ méjì bá ń yí ara wọn po, bí wọ́n ṣe jìnnà síra wọn tó àti iye ọjọ́ tí ìyípo kan ń gbà ń sọ bí wọ́n ṣe wúwo tó. Orí ìbejì ni gbogbo ìmọ̀ nípa ìwọ̀n ìràwọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ara wọn ni a ti kọ́ bí a ṣe ń fojú díwọ̀n ìràwọ̀ àdáwà.

3.0 Ìdí tí ojú kò fi lè yà wọ́n

Igun ni a fi ń wọn àlàfo lójú ọ̀run. Bí a bá pín àyíká kan sí 360, ìdá kọ̀ọ̀kan jẹ́ dígírì kan. Bí a bá tún pín dígírì kan sí 3,600, ìdá kọ̀ọ̀kan ni ìṣẹ́jú-àáyá igun. Ojú ènìyàn tí ó mọ́lẹ̀ dáadáa lè ya ohun méjì tí àlàfo wọn tó nǹkan bí 60 ìṣẹ́jú-àáyá igun. Àlàfo àwọn ìràwọ̀ méjì tí ó para pọ̀ jẹ́ Capella jẹ́ nǹkan bí 0.05 péré.

Láti Kumasi dé Accra, bí ẹyẹ bá fò ó tààrà, jẹ́ nǹkan bí 200 kìlómítà. Ká ní ẹnì kan gbé páálí ìṣáná tí ó gùn ní sẹ̀ǹtímítà márùn-ún dání ní Accra, tí ẹlòmíràn sì fẹ́ rí orí àti ìdí páálí náà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ láti Kumasi, àlàfo tí ojú rẹ̀ ní láti yà ni àlàfo ìbejì Capella.

Ohun méjì ni ó di ọ̀nà náà. Èkíní ni afẹ́fẹ́ ayé. Bí ooru orí ààrò ṣe ń mú kí ohun tí ó wà lódìkejì máa mì lójú ẹni, bẹ́ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ tí ó bo ayé ń mi ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀, tí ó ń fẹ̀ ẹ́ tó nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá igun kan, àní láti orí òkè tí ó dára. Èkejì ni ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìgbì ni ìmọ́lẹ̀. Kò lè gba ẹnu ọ̀nà kan kọjá kí ó má fẹ̀ díẹ̀. Bí ẹnu awò bá ti kéré tó ni ìfẹ̀sí náà ń pọ̀ tó. Kí awò kan ṣoṣo tó lè ya àwọn ìbejì tí ó sún mọ́ra jù, ẹnu rẹ̀ yóò ní láti fẹ̀ tó ọgọ́rùn-ún mítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí ẹni tí ó tíì ṣe irú rẹ̀.

4.0 Bí ìpagbìpọ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́

Ẹni tí ó bá ju òkúta méjì lẹ́ẹ̀kan náà sínú Adágún Bosomtwe, tí kò jìnnà sí Kumasi, yóò rí i pé ìgbì méjì gbéra, wọ́n sì pàdé. Níbi tí ṣóńṣó ìgbì kan ti pàdé ṣóńṣó èkejì, omi ga sí i. Níbi tí ṣóńṣó ti pàdé kòtò, omi pa rọ́rọ́, bí ẹni pé kò sí ìgbì kankan níbẹ̀. Ohun kan náà ni ìmọ́lẹ̀ ń ṣe. Ní ọdún 1801, Thomas Young ṣàlàyé fún ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù pé bí ìmọ́lẹ̀ bá pàdé ìmọ́lẹ̀, òkùnkùn lè jáde. Bí ìmọ́lẹ̀ láti orísun kan bá gba ojú ihò tóóró méjì kọjá, kì í ṣe ojú ìmọ́lẹ̀ méjì ni ó ń hàn lára ògiri. Ìlà ìmọ́lẹ̀ àti ìlà òkùnkùn ni ó ń tẹ̀lé ara wọn. Ìlà wọ̀nyí ni iṣẹ́ yìí ń pè ní abilà.

Bí a bá wá fi pátákó oníhò méjì bo ẹnu awò, tí a sì kọ awò náà sí ìràwọ̀ àdáwà, abilà yóò hàn kedere. Bí ó bá jẹ́ ìbejì, ìràwọ̀ kọ̀ọ̀kan yóò ya abilà tirẹ̀. Nítorí pé wọn kò sí lójú kan náà, abilà èkejì yóò yẹ̀ díẹ̀ kúrò lórí ti èkíní. Àwọn ahunṣọ Bonwire ní ẹ̀bá Kumasi, àti àwọn ahunṣọ òfì ní Ìsẹ́yìn, yóò tètè lóye rẹ̀. Bí a bá to aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ méjì tí ìlà wọn dọ́gba léra wọn, tí a sì sún ọ̀kan títí ìlà dúdú rẹ̀ fi bọ́ sórí ìlà funfun èkejì, ìlà yóò sọnù; gbogbo aṣọ yóò di àwọ̀ kan. Bí a bá tún sún un síwájú, ìlà yóò padà wá.

Èyí ni ọkàn ọ̀rọ̀ náà: ìparẹ́ abilà ni ẹ̀rí èjì. Olùwòran kò rí ìràwọ̀ méjì nígbà kankan. Ó ń mú ihò méjèèjì jìnnà síra díẹ̀díẹ̀, ó sì ń ṣọ́ ìgbà tí abilà yóò kú. Bí àlàfo àárín ihò ṣe tó nígbà tí abilà kú ni ó ń sọ bí àlàfo ìràwọ̀ ṣe tó. Fún Capella, ní ìgbà tí ìbejì náà jìnnà síra wọn tó 0.05, mítà kan ó lé díẹ̀ ni àlàfo ihò náà. Bí olùwòran bá yí pátákó náà po, abilà yóò máa kú, yóò máa jí, èyí yóò sì sọ ìhà tí ìràwọ̀ kejì wà sí èkíní. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá mọ́lẹ̀ ju èkejì lọ, abilà kì í kú tán. Ó kàn ń rẹ̀ ni, bí ó ṣe rẹ̀ tó sì ń sọ bí ìmọ́lẹ̀ ọ̀kan ṣe ju ti èkejì lọ tó.

Ihò méjì kò ní láti wà lójú awò kan. Awò méjì lè dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí àlàfo wọn tó ọgọ́rùn-ún mítà, bí ìmọ́lẹ̀ tí àwọn méjèèjì gbà bá lè pàdé níbì kan. Ìpàdé náà ni ìṣòro. Ìmọ́lẹ̀ kan kò gbọdọ̀ rìn jù èkejì lọ ju ìdá kékeré nínú mìlímítà kan. Nítorí èyí, ìmọ́lẹ̀ ń gba inú ọ̀pá tí a ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, ó sì ń bá dígí tí ó wà lórí ọmọlanke kékeré pàdé. Ọmọlanke náà ń rìn lórí irin bí ayé ti ń yí, kí ọ̀nà méjèèjì lè máa dọ́gba.

5.0 Láti Capella dé HR 6819

Hippolyte Fizeau ni ó kọ́kọ́ dábàá, ní ọdún 1868, pé abilà lè wọn ìràwọ̀. Édouard Stephan gbìyànjú rẹ̀ ní Marseille ní ọdún 1873 àti 1874. Abilà kò kú, ó sì mọ̀ láti ara èyí pé ìràwọ̀ kéré ju ohun tí awò òun lè wọ̀n lọ. Albert Michelson tún ọ̀nà náà gbé kalẹ̀ ní ọdún 1890, ó sì fi wọn àwọn òṣùpá Júpítà ní ọdún tí ó tẹ̀lé e.

Ìbejì àkọ́kọ́ tí ọ̀nà yìí yà ni Capella. Láti ọdún 1899 ni àwọn tí ń tú ìmọ́lẹ̀ palẹ̀ sí àwọ̀ ti mọ̀ pé èjì ni, nítorí pé àwọn ìlà inú àwọ̀ rẹ̀ ń lọ síwá-sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó rí i ní méjì. Ní ìparí ọdún 1919 sí ọdún 1920, John Anderson fi pátákó oníhò méjì sí awò oní-mítà-méjì-àbọ̀ ti Òkè Wilson ní Kalifóníà, ó ń yí i po, ó sì ń fi ojú ara rẹ̀ ṣọ́ abilà. Láti ibẹ̀ ni ipa ọ̀nà tí ìbejì náà ń tọ̀ ti hàn: ọjọ́ 104 ni ìyípo kan ń gbà. Lónìí a mọ̀ pé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wúwo tó nǹkan bí oòrùn méjì àbọ̀.

Lẹ́yìn Capella, ọ̀nà náà yà sí oríta. Ní Narrabri, Ọsirélíà, láàárín ọdún 1963 sí 1974, Robert Hanbury Brown àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ lo oríṣi mìíràn, tí ó ń fi bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń lọ sókè-sódò wéra. Wọ́n fi wọn Spica, tí ìbejì rẹ̀ ń yí ara wọn po ní ọjọ́ mẹ́rin péré. Ní ọdún 1974, Antoine Labeyrie pa ìmọ́lẹ̀ láti inú awò méjì tí ó dá dúró pọ̀ ní ìlú Nice. Ẹ̀rọ CHARA, tí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Georgia kọ́ sórí Òkè Wilson, ní awò mẹ́fà, àlàfo tí ó jìn jù láàárín wọn sì jẹ́ nǹkan bí 330 mítà. Ní ọdún 2008, iṣẹ́ tí wọ́n fi ṣe jẹ́ kí a rí àwòrán Beta Lyrae, ìbejì tí ọ̀kan ti ń da ara rẹ̀ sórí èkejì.

Ọ̀ràn HR 6819 ni ó fi hàn jù pé àṣìṣe níbí kì í ṣe kékeré. Ìràwọ̀ yìí wà ní ìhà gúúsù. Ojú tí ó mọ́ lè rí i fírífírí láti Kumasi. Ní ọdún 2020, ẹgbẹ́ onímọ̀ kan kéde pé ìràwọ̀ méjì àti ihò dúdú kan ni ó wà níbẹ̀, àti pé ihò dúdú náà ni ó sún mọ́ ayé jù nínú gbogbo èyí tí a mọ̀ nígbà náà. Àlàyé wọn ni pé ìràwọ̀ kan ń yí ohun tí a kò rí po ní ogójì ọjọ́, tí èkejì sì wà lókèèrè sí wọn. Àwọn mìíràn sọ pé kò sí ihò dúdú. Ìràwọ̀ méjì ni, wọ́n sún mọ́ ara wọn gan-an, ọ̀kan sì ti fa ara èkejì mu. Àwọn àlàyé méjèèjì bá àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ náà mu. Ohun tí ó kù ni kí a wo àlàfo. Ní ọdún 2022, Abigail Frost àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú àwọn awò tí a pa pọ̀ ní Paranal ní orílẹ̀-èdè Ṣílè, fi hàn pé ìràwọ̀ méjì wà níbẹ̀, àlàfo wọn kò ju ìdá kan ó lé díẹ̀ nínú ẹgbẹ̀rún ìdá ìṣẹ́jú-àáyá igun, kò sì sí èyíkéyìí lókèèrè. Ní òṣùwọ̀n Kumasi sí Accra, mìlímítà kan ó lé díẹ̀ nìyẹn. Àlàfo tí kò tó ìbú ìṣáná ni ó pa ihò dúdú kan rẹ́ kúrò nínú ìwé.

6.0 Ọ̀ràn ọ̀rọ̀-ìperí

6.1 Orúkọ ọ̀nà náà

Ọ̀nà mẹ́ta ni ó ṣí sílẹ̀ fún èdè tí ó bá fẹ́ sọ ohun tí Young rí. Èkíní ni kí ó tú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ní ẹyọ-ẹyọ. Èyí léwu. Ọ̀rọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún un ni ó tún ń lò fún títojúbọ ọ̀ràn ọlọ́ràn. Àwọn onímọ̀ èdè pàápàá ti yá a: nínú ìwé tí Uriel Weinreich tẹ̀ jáde ní ọdún 1953, òun ni ó dúró fún ohun tí èdè kan ń ṣe sí èkejì lẹ́nu elédè méjì. Bí Yorùbá bá wá pe abilà ní ìtojúbọ̀ tàbí ìdílọ́wọ́, akẹ́kọ̀ọ́ yóò rò pé ohun kan ba iṣẹ́ jẹ́, nígbà tí ó jẹ́ pé ohun náà gan-an ni iṣẹ́.

Èkejì ni àyálò: ìńtáfẹrómítà. Kò sí ohun tí ó burú nínú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí orúkọ ẹ̀rọ, bí kọ̀ǹpútà àti rédíò. Àmọ́ kò kọ́ ẹni tí ó gbọ́ ọ ní ohunkóhun. Ẹ̀kẹta ni ìṣẹ̀dá láti inú èdè, nípa àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti àkànpọ̀, lọ́nà tí àpẹẹrẹ (1) fi hàn.

(1) a. ì + kó + owó + jọ → ìkówójọ
b. ì + pa + ẹnu + mọ́ → ìpanumọ́
d. ì + pa + ìgbì + pọ̀ → ìpagbìpọ̀

Ìlànà tí ó bí (1a) àti (1b), tí gbogbo elédè ń lò láìronú, ni ó bí (1d). Ìpagbìpọ̀ sọ ohun tí ọ̀nà náà ń ṣe ní ti gidi: ó ń pa ìgbì pọ̀. Kò sọ pé ó ń rí, kò sì sọ pé ó ń yà. Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ti ẹnu lásán. Bí orúkọ ọ̀nà náà bá jẹ́ ìwò-èjì tàbí awò ayàbejì, bí ó tilẹ̀ dùn létí, akẹ́kọ̀ọ́ yóò máa retí àwòrán ìràwọ̀ méjì, nígbà tí ohun tí yóò bá pàdé jẹ́ abilà tí ó ń kú tí ó sì ń jí.

6.2 Orúkọ àwọn tí a rí

Ìbejì fúnra rẹ̀ jẹ́ àpẹẹrẹ ohun tí ó ń pè. Ẹni tí ó gbọ́ ọ gbọ́ ọ̀rọ̀ kan. Onímọ̀ èdè mọ̀ pé ìbí àti èjì ni ó wà nínú rẹ̀, tí fáwẹ̀lì kan ti pajẹ láàárín wọn. Kò fi etí gbọ́ méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ìlànà àti àfiwé ni ó fi mọ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀. Àfiwé náà sì ń bẹ, bí (2) ṣe fi hàn.

(2) a. ìbí + èjì → ìbejì
b. ìbí + ẹ̀ta → ìbẹta
d. ìbí + ẹ̀rin → ìbẹrin

Ọ̀wọ́ yìí wúlò gidigidi. Mizar, tí awò kékeré fi hàn bí èjì, jẹ́ ìbẹrin ní tòótọ́, nítorí pé ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú èjì náà jẹ́ ìbejì. Gbogbo àríyànjiyàn lórí HR 6819 ni a sì lè fi gbólóhùn kan gbé kalẹ̀: ṣé ìbẹta ni, tàbí ìbejì? Èdè tí ó ní ọ̀wọ́ bẹ́ẹ̀ kò nílò láti máa ka iye ní gbogbo ìgbà.

Ìṣòro kan kù: kí ni orúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú ìbejì? Àwọn onímọ̀ sánmà ń fi lẹ́tà A pe èyí tí ó mọ́lẹ̀ jù, wọ́n sì ń fi B pe èkejì. Twi ń pe ìbejì ní Ata Panin àti Ata Kakra. Ọjọ́ orí ni orúkọ náà ń kéde, àgbà àti kékeré. Yorùbá ń kéde ìtẹ̀léra dídé: Táyéwò ni ó kọ́kọ́ jáde, Kẹ́hìndé ni ó kẹ́yìn dé. Àmọ́ gbogbo Yorùbá gbà pé Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n. Òun ni ó rán Táyéwò síwájú kí ó lọ tọ́ ayé wò. Orúkọ náà, nígbà náà, ya ìrísí sọ́tọ̀ kúrò lára ipò.

Ìyàtọ̀ yìí gan-an ni ìmọ̀ ìràwọ̀ ń bèèrè. Sirius ni ìràwọ̀ tí ó mọ́lẹ̀ jù lójú ọ̀run òru. Ní ọdún 1844, Friedrich Bessel fòye gbé e pé ohun kan tí a kò rí ń fà á. Ní ọdún 1862, Alvan Graham Clark rí ohun náà, ìràwọ̀ kékeré tí ìmọ́lẹ̀ èkíní ti bò mọ́lẹ̀. A wá mọ̀ nígbà tó yá pé ìràwọ̀ kékeré tí ó kẹ́yìn hàn yìí ni ó wúwo jù nígbà ìbí wọn. Òun ni ó tètè jó tán, tí ó sì di eérú gbígbóná tí ó ń tàn fírífírí. Táyéwò ni ó kọ́kọ́ hàn. Kẹ́hìndé ni ó ti jẹ́ àgbà. Irú ìparọ̀ ipò bẹ́ẹ̀ ni ó wà nínú HR 6819, níbi tí ìràwọ̀ tí ó wúwo tẹ́lẹ̀ ti di fífúyẹ́ nítorí pé èkejì fa ara rẹ̀ mu. Ẹni tí ó bá ń pe A ní àgbà àti B ní kékeré yóò kọsẹ̀ níbí. Ẹni tí ó bá ń pè wọ́n ní Táyéwò àti Kẹ́hìndé ti mọ̀ láti ilé pé ẹni tí a kọ́kọ́ rí lè má jẹ́ àgbà.

Àtakò kan yẹ fún ìdáhùn. Ìbejì ní ẹrù àṣà lórí: orin, oúnjẹ àti ère gbígbẹ́ wà nídìí rẹ̀. Àwọn kan lè sọ pé kí a fi oníméjì rọ́pò rẹ̀ kí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì lè mọ́. Ṣùgbọ́n oníméjì kò ya alábàápàdé sọ́tọ̀ kúrò lára ìbejì. Ó dá àṣìṣe tí ó wà ṣáájú ọdún 1803 padà. Ẹrù tí ìbejì rù, pé a bí wọn pọ̀, pé ohun tí ó ṣe ọ̀kan kan èkejì, ni ohun tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ gbé wọnú kíláàsì.

7.0 Kumasi, Kuntunse àti ọjọ́ iwájú

Kùrukùru òjò àti eruku ọyẹ́ kò jẹ́ kí Kumasi jẹ́ ibi tí ó dára fún awò ìpagbìpọ̀ ìmọ́lẹ̀. Orí òkè gíga tí ojú ọ̀run ti ń mọ́ ní ọ̀pọ̀ òru ọdún ni irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ń gbé. Ṣùgbọ́n ìpagbìpọ̀ ti wọ Gánà láti ẹnu ọ̀nà mìíràn. Ní Kuntunse, lẹ́bàá Accra, àwo ńlá tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 32 mítà, tí a kọ́ fún ìbánisọ̀rọ̀ tẹlifóònù, ni àwọn onímọ̀ Gánà àti ti Gúúsù Áfíríkà sọ di awò ìgbì rédíò. Ààrẹ Akufo-Addo ṣí i ní ọjọ́ 24, oṣù Ògún, ọdún 2017. Ìgbì rédíò rọrùn ju ìmọ́lẹ̀ lọ ní ọ̀nà kan: a lè gbà á sílẹ̀ ní Kuntunse, kí a gba òmíràn sílẹ̀ ní Yúróòpù ní ìṣẹ́jú kan náà, kí a sì pa wọ́n pọ̀ nínú kọ̀ǹpútà lẹ́yìn náà. Ìgbì ìmọ́lẹ̀ yára jù fún irú ìgbàsílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ gan-an ni ó gbọ́dọ̀ pàdé ìmọ́lẹ̀. Ìlànà, síbẹ̀, jẹ́ ọ̀kan náà. Ọ̀rọ̀-ìperí tí ó bá tọ́ fún ọ̀kan yóò tọ́ fún èkejì: ìpagbìpọ̀ ìmọ́lẹ̀, ìpagbìpọ̀ rédíò.

Èyí ni ó mú kí ọ̀ràn náà jẹ́ ti kánjúkánjú. Àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí ti ń kọ́ iṣẹ́ náà, ní Gẹ̀ẹ́sì. Bí ó bá pẹ́ kí èdè abínibí tó wọ̀ ọ́, ọ̀rọ̀ tí ó bá kọ́kọ́ bọ́ sẹ́nu ni yóò jókòó, bóyá ó tọ́ tàbí kò tọ́, nítorí ọ̀rọ̀-ìperí tí ó ti wọnú ìwé ẹ̀kọ́ ṣòro láti yọ. Iṣẹ́ onímọ̀ èdè kì í ṣe láti dúró de onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kí ó kó ọ̀rọ̀ wá fún ìtumọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti bèèrè bí ohun náà ṣe ń ṣẹlẹ̀, kí ó tó bèèrè orúkọ tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè é.

8.0 Àgbálọgbábọ̀

Àpilẹ̀kọ yìí ti fi hàn pé ìràwọ̀ ìbejì tí ó sún mọ́ra kò ṣeé fi ojú yà. Ìpagbìpọ̀ ń mọ̀ wọ́n láti ara abilà tí ó ń kú tí ó sì ń jí, ọ̀nà yìí ni ó sì wọn Capella ní ọdún 1920, òun ni ó sì yanjú ọ̀ràn HR 6819 ní ọdún 2022. Ó ti dábàá ìràwọ̀ alábàápàdé, ìràwọ̀ ìbejì pẹ̀lú ọ̀wọ́ rẹ̀, abilà, ìpagbìpọ̀, àti Táyéwò òun Kẹ́hìndé gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀-ìperí. Twi, Ewe àti Hausa ní ohun èlò tiwọn fún irú iṣẹ́ yìí. Ìlú bíi Kumasi, tí èdè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti ń gbé, yẹ fún àkójọ ọ̀rọ̀-ìperí tí a jọ ṣe, níbi tí èdè kọ̀ọ̀kan yóò ti sọ bí òun ṣe ń mọ èjì nínú ọ̀kan.